Ẹni Tó Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró Ń Wá Ẹgbẹ́

Ní ọdún 2019 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ oníṣirò ìjọba Nàìjíríà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí lílo oògùn olóró ní orílẹ̀-èdè yìí, àbájáde náà sì tó kó ba ẹnikẹ́ni tó lọ́mọ nílé lẹ́rù. Mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan péré, wọn kò sì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá wà, ló ṣíwájú gbogbo ẹkùn yòókù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Èkó, ó tó ẹnì kan nínú mẹ́ta. Igbó ló pọ̀ jù, àwọn oògùn apàrora bíi tramadol àti omi ikọ́ oníkódìn ló tẹ̀ lé e. Nínú ẹni márùn-ún tó ń lò ó, ó ti di wàhálà fún ẹnì kan. Nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn le jù, bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn fẹ́ ìtọ́jú ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn kò tó o.

Bí a bá dárúkọ ìtọ́jú, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni bí ẹni náà yóò ṣe dá oògùn dúró. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tí ọtí tàbí oògùn oorun ti di bárakú fún, tó sì dá a dúró lójijì láìsí dókítà nítòsí, gìrì lè mú un, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń mú ara la ìnira ọjọ́ wọ̀nyẹn kọjá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé láti orí 40 dé 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó gba ìtọ́jú ló máa ń tún padà sídìí rẹ̀, iye tí kò jìnnà sí ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée wọn máa ń tún gbérí. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe oògùn nìkan ló ń fà wọ́n padà. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó ni ibi kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ní àyè tiwọn láàárín ènìyàn. Ìtọ́jú tó bá gba oògùn lọ́wọ́ wọn tí kò fún wọn ní ẹgbẹ́ mìíràn, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe. Orin àjùmọ̀kọ, eré ìtàgé, ijó àti iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń ṣe lágbo lè fún wọn ní ẹgbẹ́ náà. Ó yẹ kí iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí wà nínú ìtọ́jú gan-an, kì í ṣe bíi fàájì tí a fi ń dí ọ̀sán Sátidé.

Ẹ wo bí oògùn ṣe ń wọ ènìyàn lára. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnì kan dá kọ́ ọ. Awakọ̀ kan yóò sọ fún èkejì ní gáréèjì pé tramadol ni òun fi ń wakọ̀ di òru. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Nídìí paraga, ẹni tó kọ́kọ́ ra tirẹ̀ yóò ra fún ẹni tó jókòó tì í. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwùjọ kékeré yìí yóò ní ìṣe tirẹ̀: ẹni tó mọ ibi tí ọjà wà, ẹni tó mọ igbó wé, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹni tó ń sin ẹni tí kò lè dá rìn relé. Ó burú, àmọ́ olúkúlùkù ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, bí kò bá sì wá, wọn yóò béèrè rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni kan náà lọ́jọ́ tó jáde nílé ìwòsàn. A sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ mọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni. Nílé, ìyá ń yẹ àpò rẹ̀ wò, àbúrò ń gbé fóònù pamọ́, àwọn ará àdúgbò ń rẹ ohùn sílẹ̀ bó bá ń kọjá. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó ń lò nídìí paraga tẹ́lẹ̀ ṣófo kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tí yóò fi dí i.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí bí ibùgbé àti ẹgbẹ́ ṣe ń di ènìyàn mú wá láti inú ogun Vietnam. Ní 1971, ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọmọ ogun wọn ń lo heroin lọ́hùn-ún lọ́nà tó kọjá sísọ. Lee Robins, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Washington nílùú St. Louis, tọ àwọn tó padà sílé lọ́dún yẹn lẹ́yìn láti mọ bó ṣe rí fún wọn. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló sọ pé ó ti di bárakú fún òun lójú ogun. Síbẹ̀, nínú àwọn wọ̀nyí, bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ni heroin tún di bárakú fún láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n délé. Nígbà tí yóò fi pé ọdún mẹ́ta, bíi méjìlá ni. A kò gbọdọ̀ fi èyí sọ pé heroin kò lágbára. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà kò mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n sì fi ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ sílẹ̀ sí òdì kejì ayé, wọ́n padà sọ́dọ̀ ìyàwó, òbí àti iṣẹ́. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ́ tó jáde nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró tàbí Yábàá kò fi ojú ogun tirẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ń padà sí, lójúlé kan náà, ládùúgbò kan náà. A kò lè kó gbogbo wọn lọ sí ìlú mìíràn. Ó kù kí a dá àwùjọ mìíràn sílẹ̀ fún wọn nínú ìlú tí wọ́n wà.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ iṣẹ́ ọnà, tí kì í ṣe ìpàdé lásán? Ìpàdé dára, láti 1935 tí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀ nílùú Akron ní Amẹ́ríkà ni ìjókòó àwọn tó jọ ń jáwọ́ nínú ọtí ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì rí ọ̀rọ̀ náà sọ, pàápàá ẹni tó bá ti ṣe ohun tó ń tì í lójú. Nínú orin, kò pọn dandan kó sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Ẹnì kan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Ẹni tí kò lè lé lè gbè. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó mọ ìgbà tí yóò wọlé, ó gbọ́dọ̀ mí nígbà tí àwọn yòókù ń mí, bí kò bá sì wá lọ́jọ́ kan, àlàfo rẹ̀ yóò hàn nínú ègbè. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kúrò nídìí paraga, pé kí àìsí òun jẹ́ nǹkan fún ẹnì kan, ló tún rí gbà yẹn, láìsí májèlé nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ tún wà níbẹ̀. Oògùn olóró ń tú adùn sínú ọpọlọ lójijì, lọ́nà tí oúnjẹ, ẹ̀rín tàbí ìfẹ́ kò lè fi dọ́gba. Bó bá pẹ́, ọpọlọ yóò bá a mọ́, agbára láti gbádùn nǹkan kéékèèké yóò sì dín kù. Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ fi máa ń sọ fún oṣù púpọ̀ pé kò sí ohun tó wu òun. Ìwàásù kì í tún èyí ṣe. Àkókò ló ń tún un ṣe, àti ìgbádùn kéékèèké tó ń wá léraléra láìsí oògùn. Adìrẹ ẹlẹ́kọ jẹ́ àpẹẹrẹ kan tó wà nítòsí, nítorí Abẹ́òkúta tí ilé ìwòsàn Àró wà náà ni ìlú adìrẹ. Ẹni tó ń ṣe é yóò fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ tí a fi láfún ṣe sára aṣọ, yóò dúró kó gbẹ, yóò rẹ ẹ́ sínú aró ẹlú, yóò sá a, yóò tún rẹ ẹ́, kò sì ní rí ọnà tó yà dáadáa títí yóò fi ha ẹ̀kọ náà kúrò nígbẹ̀yìn. Oògùn ti kọ́ ọ pé èrè gbọ́dọ̀ dé lọ́gán. Iṣẹ́ yìí ń kọ́ ọ láti dúró, láàárín àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń dúró. Eré ìtàgé ní tirẹ̀ ń ṣe ohun tí orin àti adìrẹ kò lè ṣe. Níbẹ̀, ọ̀rẹ́ àtijọ́ lè wá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi ikọ́ lọ́wọ́, kí ẹni tó ń jáwọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ wá ohun tí yóò sọ, kó kùnà, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó tó di pé ilẹ̀kùn gidi dún. Ó tún lè fi ìtàn ara rẹ̀ sẹ́nu ẹlòmíràn, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó bó ṣe rí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti lè rí i bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nígbà tó bá ti fìdí múlẹ̀. Ní 1999 ni Phil Fox dá Outside Edge sílẹ̀ ní London, ẹgbẹ́ tíátà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bárakú nìkan ni wọ́n mú ní iṣẹ́: wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń jáwọ́ ní eré, wọ́n sì ń gbé eré náà síwájú ìlú. Ní 2011, Paul Bayes Kitcher, oníjó báálẹ́ẹ̀tì tí bárakú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́, dá ẹgbẹ́ oníjó Fallen Angels sílẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní Brighton, ẹgbẹ́ olórin New Note bẹ̀rẹ̀ ní 2015 lẹ́yìn ètò tẹlifíṣọ̀n kan tó kó àwọn olórin mẹ́wàá tó ti kó sí bárakú jọ, tí wọ́n sì bá ẹgbẹ́ olórin ńlá ti London ṣeré. Molly Mathieson, tó ṣiṣẹ́ lórí ètò náà, rí i pé nígbà tí kámẹ́rà bá kúrò, kò sí ibi tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ yóò tún lọ, ló bá dá èyí sílẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ohun èlò orin rí lè wọ New Note. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jọ ń ṣẹ̀dá orin tí wọ́n ń kọ. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, nítorí nínú orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ rí, kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹnì kan ṣì í kọ.

Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́? Ó wà, ó sì níwọ̀n. Ní 2022, àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti wo èyí tó ṣeé gbára lé, yẹ ìwádìí 21 wò lórí fífi orin tọ́jú àwọn tó ní ìṣòro oògùn àti ọtí. Ènìyàn 1,984 ló kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé nígbà tí a bá fi orin kún ìtọ́jú tó wọ́pọ̀, ìyánhànhàn fún oògùn ń dín kù, ìfẹ́ láti gba ìtọ́jú sì ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń dín ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àníyàn kù, tàbí pé ó ń mú kí àwọn ènìyàn dúró pẹ́ nínú ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ ta iṣẹ́ ọnà bí oògùn tó ń wo gbogbo àrùn gbọ́dọ̀ ka gbólóhùn kejì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà kà á, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kò ju ìjókòó kan tàbí díẹ̀ lọ nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ìjókòó kan lè rọ òùngbẹ oògùn lọ́jọ́ yẹn. Kò lè fún ènìyàn ní ẹgbẹ́. Ohun tí mò ń sọ, pé àgbo tó ń bá a lọ fún ọdún kan tàbí méjì lè di ènìyàn mú, ni wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ wádìí. Mo gbà pé ìgbàgbọ́ tó ní ìdí ni, kò tíì di ẹ̀rí. Ohun kan kò sì yí padà rárá: àgbo orin kò lè rọ́pò dókítà. Ẹni tó ti lo oògùn apàrora fún ìgbà pípẹ́, tó sì dá a dúró fún oṣù bíi mélòó kan, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá padà sí i, ìwọ̀n àtijọ́ yẹn lè pa á.

Àtakò tó sábà máa ń jáde látẹnu àwọn òbí ni pé ọ̀dọ̀ àwọn olórin gan-an ni igbó wà, báwo la ṣe fẹ́ fi orin wo ohun tí orin fà? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1935 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lexington ní ìpínlẹ̀ Kentucky fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, àwọn olórin jáàsì tó gba ibẹ̀ kọjá sì pọ̀ débi pé wọ́n ń dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀ nínú ọgbà. Sonny Rollins, afọnfèrè sasofóònù tó lókìkí, wà níbẹ̀ ní 1955. Nígbà tó jáde, kò sáré padà sídìí orin. Ó dúró ní Chicago, ó ń ṣe iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé inú ilé ijó ni àwọn tó ń ta heroin ti ń dúró dè é. Nígbà tí yóò padà, ẹgbẹ́ Max Roach àti Clifford Brown ló wọ̀. Clifford Brown kì í lo oògùn, kì í mutí, bẹ́ẹ̀ ó ń fọn kàkàkí dé góńgó. Rollins sọ lẹ́yìn náà pé Brown ni ó fi hàn òun pé olórin lè gbé ìgbé ayé tó mọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Orin kan náà ni ṣáájú Lexington àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó yí i ká ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń darí àgbo fi gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé orin wo ló máa ń gbọ́ nígbà tó ń lò ó, kó sì gbé orin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí orin tó bá oògùn rìn lè jí òùngbẹ rẹ̀ dìde.

Àtakò tó le jùyẹn lọ ni pé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ lè di bárakú. Òtítọ́ ni, ìtàn Synanon sì fi hàn. Charles Dederich dá a sílẹ̀ ní California ní 1958 fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú oògùn. Joe Pass, onígìtá jáàsì, bọ́ lọ́wọ́ heroin níbẹ̀, òun àti àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé náà sì gbé àwo orin jáde ní 1962. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wuni. Ṣùgbọ́n ó di ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan jẹ́ àṣẹ. Ní 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà gbé ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà agbẹjọ́rò kan tó ń bá wọn ṣẹjọ́. Àwa náà kò gbọdọ̀ wo ìyẹn bí ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní 2019, ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdé jáde nínú ilé kan ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹbí ló kó wọn lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ gba àtúnṣe. Àgbo tó bá jẹ́ ìtọ́jú lóòótọ́, ènìyàn gbọ́dọ̀ lè jáde níbẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kó sì ní dókítà tí olùdarí àgbo kò láṣẹ lé lórí.

Àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsálátù ti tó. Ó tó fún àwọn kan, mi ò ní bu ọlá rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ ni ìgbàgbọ́ ti mú dúró. Àmọ́ ẹ̀rí tí à ń jẹ́ nílé ìjọsìn máa ń fẹ́ ìtàn tó ti parí: mo ti wà nínú òkùnkùn, mo ti jáde. Ẹni tó tún ṣubú lóṣù kẹrin ṣòroó dìde láti jẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ fara pamọ́, lẹ́yìn náà kò ní wá mọ́. Àgbo ìdánrawò yàtọ̀ nítorí pé ohun tí kò tíì parí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í ṣe, wọ́n á ní kó tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ìdí láti pe èyí ní àṣà àjèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí Ulli Beier tó lókìkí fún iṣẹ́ ọnà nílùú Òṣogbo, ó ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ nílé ìwòsàn Lantoro ní Abẹ́òkúta ní ọ̀dà àti bébà kí wọ́n máa yàwòrán. Ó fi àwòrán wọn ṣe ìwé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, níbi tí aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn tí wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Àìsàn ọpọlọ ni Lambo ń tọ́jú, kì í ṣe bárakú oògùn ní pàtàkì, àmọ́ òye rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu: ènìyàn kì í dá wà kó sàn. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dùn mí pé àwa tí a ni ín kò fi bẹ́ẹ̀ mú un lò mọ́.

Owó ni àtakò tó kù. Ilé ìwòsàn tí kò ní ibùsùn tó, ṣé ìlù ni yóò rà? Ṣùgbọ́n ìlù kò wọ́n bíi ibùsùn, àgbo kò sì nílò ju gbọ̀ngàn kan lọ ní àárín ìlú, ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀ lọ́sẹ̀, àti ènìyàn méjì tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́: òṣèré tàbí olórin kan, àti nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa bárakú. Òṣèré nìkan kò ní mọ ohun tí yóò ṣe bí ara ẹnì kan bá ń gbọ̀n; nọ́ọ̀sì nìkan kò ní mọ bí eré ṣe ń dìde nílẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ jáde. Kò gbọdọ̀ sí fóònù tó ń ká fídíò nínú àgbo, nítorí fídíò kan tó bá jáde lè gba iṣẹ́ àti ìyàwó lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá mu lọ́jọ́ ìdánrawò kò ní wọ àgbo lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì yóò bá a jókòó, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ nínú eré ṣì jẹ́ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà kò dànù, kí wọ́n ka iye ẹni tó ṣì ń wá lẹ́yìn ọdún kan àti iye tí wọ́n tún gbé padà sílé ìwòsàn, kí wọ́n fi wé àwọn tí wọ́n kàn dá padà sílé láìsí àgbo, kí wọ́n sì tẹ iye náà jáde, ìbáà dára ìbáà burú.